Slaughtneil, abúlé oníhurling: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ìtàn ẹgbẹ́ wọn

Slaughtneil gan-an, níbo ló wà?

Ní kaúńtì Derry ni, lápá òkè Ireland tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òkè Carntogher wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlú Maghera ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Belfast lọ sí ìlú Derry, tó gba ọ̀nà A6 gun òkè Glenshane, ti kọjá nítòsí rẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ fura, nítorí kì í ṣe ìlú tó tò lọ lẹ́bàá títì. Ilé wọn fọ́n ká láàárín oko. Ìjọ Àgùdà, ilé ẹ̀kọ́ àti pápá ìṣeré ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá ń wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ọjà ńlá níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Pápá lẹ máa rí.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó èrò àdúgbò kan ṣoṣo ní Ìbàdàn, síbẹ̀ wọ́n ti gba ife tí àwọn ìlú ńlá ń wá tí wọn kò rí. Ohun tó mú ká kọ ojú ìwé yìí nìyẹn.

Kí ni hurling? Kí sì ni camogie?

Ènìyàn 15 kojú ènìyàn 15. Kálukú di igi pẹlẹbẹ kan mú, orí igi náà fẹ̀, ó sì tẹ̀ díẹ̀. Camán ni wọ́n ń pè é ní èdè Irish. Sliotar ni bọ́ọ̀lù wọn: awọ ni wọ́n fi bò ó, ojú ìrán rẹ̀ yọ síta, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 110 sí 120. Wọ́n lè gbá a lórí ilẹ̀, wọ́n lè gbá a lófuurufú, wọ́n sì lè gbé e lé orí igi kí wọ́n máa sáré lọ. Wọ́n lè fi ọwọ́ hán an, àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ṣa á nílẹ̀; igi ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé e dìde. Tó bá sì ti wà lọ́wọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n lè gbé.

Òpó méjì tó ga ló wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan dábùú wọn, àwọ̀n sì wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ àwọ̀n di góòlù, àmì 3 nìyẹn. Èyí tó bá gba òkè ọ̀pá náà kọjá láàárín òpó méjèèjì jẹ́ àmì 1. Bí ẹ bá wá rí èsì tí wọ́n kọ báyìí, 1-10 sí 0-11, ẹ má ṣe jẹ́ kó dà yín lójú rú. Góòlù 1 àti àmì 10 jẹ́ 13, ó ju 11 lọ. Ẹ fi èsì yẹn sọ́kàn, a máa tó pàdé ẹ̀.

Camogie ni eré yìí kan náà tí obìnrin bá ń ṣe é. Bọ́ọ̀lù wọn kéré díẹ̀ sí ti ọkùnrin. Títí di 1999, ènìyàn 12 ni wọ́n máa ń kó jáde lórí pápá tó kéré. Láti ìgbà náà wọ́n ti di 15 bíi ti ọkùnrin.

Ṣé eré àtijọ́ ni, àbí àwọn kan kàn jókòó dá a sílẹ̀?

Eré náà ti pẹ́ gan-an. Ní 1366, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ṣe òfin Kilkenny kí àwọn ènìyàn wọn tó ń gbé Ireland má baà di ará ibẹ̀, hurling wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, ìjọba kì í fòfin dè é.

Àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré náà lónìí, GAA (Gaelic Athletic Association), ní ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ kìíní oṣù November 1884 ni, ní Hayes' Hotel ní ìlú Thurles, kaúńtì Tipperary. Michael Cusack, olùkọ́ kan láti kaúńtì Clare, àti Maurice Davin tó jẹ́ gbajúmọ̀ eléré ìdárayá, ló pe ìpàdé náà. Àwọn ènìyàn kéréje ló wá. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Croke gbà láti jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ wọn, orúkọ rẹ̀ sì ni pápá ńlá wọn ní Dublin ń jẹ́ títí dòní: Croke Park, tó gba èrò tó lé ní 82,000.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nígbà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ wa. Wọn kò dá ẹgbẹ́ ìlú ńlá sílẹ̀ kí wọ́n tó wá abúlé bọ̀. Ìjọ Àgùdà tó wà ní ìgbèríko kọ̀ọ̀kan, páríṣì, ni wọ́n fi ṣe ààlà. Páríṣì yín ni ẹgbẹ́ yín. Ìyẹn ló fà á tí abúlé fi lè dúró kojú ìlú títí di òní.

Àwọn ti Slaughtneil, ìgbà wo ni wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, kí ló dé tó fi ń jẹ́ Robert Emmet?

1953 ni. Robert Emmets ni orúkọ ẹgbẹ́ náà lójú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ abúlé ni gbogbo ayé fi ń pè é.

Emmet jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ará Dublin tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1803. Ọ̀tẹ̀ náà fọ́ láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n mú un, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì so ó kọ́ ní oṣù September ọdún náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ nílé ẹjọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀: ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sórí ibojì òun títí orílẹ̀-èdè òun yóò fi gba ipò rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni lọ́dọ̀ wọn. Watty Graham's ni ẹgbẹ́ àwọn aládùúgbò wọn ní Glen, Maghera. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ 1798 tí wọ́n pa ni Graham. Kevin Lynch's ni ẹgbẹ́ hurling Dungiven, lódì kejì òkè Glenshane. Lynch fúnra rẹ̀ gbá hurling, òun sì ni balógun àwọn ọmọ Derry tí kò tíì pé ọdún 16 nígbà tí wọ́n gba ife gbogbo Ireland ní 1972. Ó kú lẹ́wọ̀n ní August 1981 lẹ́yìn tó ti kọ oúnjẹ láti fi ta ko ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ka orúkọ ẹgbẹ́ Derry láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti ka ìtàn Ireland nìyẹn.

Ṣé wọ́n máa ń ra agbábọ́ọ̀lù?

Rárá o. Kò sí owó oṣù, kò sí owó ìfọwọ́síwèé, kò sí aṣojú agbábọ́ọ̀lù tó ń rìn kiri. Ibi tí o ti dàgbà, níbẹ̀ ni wàá ti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kaúńtì, wọ́n á sì bi í pé kí ló dé. Chrissy McKaigue, tí gbogbo Ireland mọ̀ sí ọ̀kan lára àwọn tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù, Slaughtneil ló ti bẹ̀rẹ̀, Slaughtneil náà ló ṣì gbá fún lẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ohun tó tinú èyí wá ni pé tí ìdílé kan bá bímọ mẹ́rin, ẹgbẹ́ ti rí mẹ́rin. Tí ọ̀dọ́ bá kó lọ sí Belfast, London tàbí Sydney wá iṣẹ́, ẹgbẹ́ ti pàdánù nìyẹn, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti lè ra àrọ́pò. Ìbẹ̀rù yìí wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ abúlé ní Ireland, ó sì ti fipá mú àwọn míì láti da ara pọ̀ mọ́ aládùúgbò tí wọn kò fẹ́ràn.

Mo gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Gaelic ni Derry mọ̀. Báwo ni hurling ṣe wá rọ́wọ́ mú níbẹ̀?

Òótọ́ lẹ gbọ́. Bọ́ọ̀lù Gaelic ni bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Ireland tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Derry gba ife gbogbo Ireland nínú bọ́ọ̀lù Gaelic ní 1993, ẹgbẹ́ Lavey tó wà nítòsí Slaughtneil sì gba ti àwọn ẹgbẹ́ abúlé ní 1991. Hurling kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lókè. Ìsàlẹ̀ ni ilé rẹ̀: Kilkenny, Tipperary, Cork, Limerick, Galway, Clare, Waterford, Wexford. Ní Ulster, ẹkùn tó wà lápá òkè Ireland, Antrim àti apá kan ní Down ló di í mú ṣinṣin. Ní Derry, agbègbè kékeré kan, Dungiven, Lavey, Slaughtneil àti àwọn díẹ̀ mìíràn, ló ń tọ́jú iná náà kí ó má kú.

Slaughtneil kọ̀ láti yan ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin kan náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n á tún gbé camán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì a máa fa ọmọ kan ya. Ohun tí mo rò ni pé abúlé tí kò ní ju ọ̀wọ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo lọ kò lè fàyè gba irú ìjà bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jà, ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa kú. Nínú bọ́ọ̀lù Gaelic, wọ́n gba ife Derry fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2004. Nínú hurling, láti 2013 ni wọ́n ti gba Derry mọ́wọ́, wọ́n sì gbà á ní ọdún lẹ́yìn ọdún.

Ẹ sọ nípa ọdún 2016 tí gbogbo ènìyàn máa ń mẹ́nu bà.

Tóò. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Derry kankan tó gba ife hurling Ulster rí. Ní October 2016, Slaughtneil kojú Loughgiel Shamrocks láti Antrim, àwọn tó ti gba ife gbogbo Ireland lẹ́ẹ̀mejì, ní 1983 àti 2012. Slaughtneil ló borí.

Ìyẹn nìkan ì bá ti tó abúlé fún ogún ọdún. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra, àwọn obìnrin gba Ulster nínú camogie, àwọn ọkùnrin tún gbé bọ́ọ̀lù Gaelic, wọ́n sì na Kilcoo láti Down. Ife mẹ́ta ní ọdún kan, láti abúlé kan. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ní Ulster.

Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí nínú ilé. Arákùnrin ń gbá hurling àti bọ́ọ̀lù, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbá camogie, bàbá wọn ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ìyá wọn ń se tíì, tàbí kó jẹ́ òun gan-an ló ń di owó ẹgbẹ́ mú. Kò sí ọjọ́ Sunday kan tí ilé náà sinmi láti ìgbà ẹ̀rùn títí òtútù fi mú. Ìyàwó tuntun tó bá wọ abúlé yẹn láìfẹ́ràn eré ti wọ gàù!

Ọdún 2017 dé, ohun tó wá tẹ̀ lé e kò rí bákan náà fún gbogbo wọn. Àwọn oníhurling dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá gbogbo Ireland, Cuala láti Dublin sì lù wọ́n bolẹ̀. Àwọn oníbọ́ọ̀lù dé Croke Park ní ọjọ́ St Patrick, March 17, Dr Crokes láti Killarney sì fi àmì méjì péré borí wọn, 1-9 sí 1-7. Àwọn obìnrin nìkan ló gbé ife gbogbo Ireland wálé. Nígbà tí ọdún náà sì yí po, wọ́n tún gba Ulster mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Lójú tèmi, ìdáhùn yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀, nítorí camogie ni ògo tó ga jù tí ẹgbẹ́ Slaughtneil ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni ìwé ìròyìn máa ń ya fọ́tò wọn jù.

March 5, 2017, Croke Park. Sarsfields láti Galway ló dúró níwájú wọn. Èsì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: Slaughtneil 1-10, Sarsfields 0-11. Góòlù kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Aoife Ní Chaiside ni balógun ikọ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, Bróna àti Éilís, sì wà lórí pápá pẹ̀lú rẹ̀.

Ìbànújẹ́ bá wọn lọ́dún yẹn kan náà. Bàbá àwọn ọmọ Ní Chaiside, tó wà lára àwọn tó ń darí ikọ̀ náà, ṣàìsàn, ó sì kú kí ọdún tó parí. Wọ́n gbá a lọ. Ní March 2018, wọ́n tún pàdé Sarsfields ní àṣekágbá, wọ́n tún nà wọ́n. Ní March 2019, ó kan St Martin's láti Wexford, 1-9 sí 0-7. Ife gbogbo Ireland mẹ́ta ní tẹ̀léra. Ní March 2020 ni Sarsfields tó rí ẹ̀san gbà, tí wọ́n borí Slaughtneil ní àṣekágbá kẹrin.

Tí ẹ bá bi mí ní àṣírí rẹ̀, mi ò ní sọ pé wọ́n lágbára ju àwọn ará Galway lọ. Inú ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n ti ń gbá láti kékeré. Ẹni tó wà lẹ́yìn mọ ibi tí ẹni tó wà níwájú máa sá sí, torí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n jọ wọ mọ́tò kan náà lọ ìdárayá.

Ta ló dá camogie sílẹ̀?

Àwọn obìnrin tó ń jà fún èdè wọn ni. Ní Dublin, ọ̀pọ̀ wọn wà nínú Conradh na Gaeilge, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí èdè Irish padà sẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n rí i pé GAA ti wà fún ogún ọdún, kò sì sí ààyè obìnrin níbẹ̀. Wọ́n tún òfin hurling tò fún ara wọn, wọ́n sì gbá ìdíje ìta gbangba àkọ́kọ́ ní Navan, kaúńtì Meath, ní July 17, 1904. Máire Ní Chinnéide ló di ààrẹ àkọ́kọ́. Láti 1964 ni ife gbogbo Ireland ti wà fún àwọn ẹgbẹ́ camogie. Àwọn ọkùnrin oníhurling kò ní tiwọn títí di sáà 1970 sí 1971. Ẹ ò rí i pé àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ dárúkọ yìí, ṣé ó kan Slaughtneil?

Ó kàn wọ́n dáadáa. Irish ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lágbègbè Carntogher ní ọ̀rúndún tó kọjá. Láti nǹkan bí 1992 ni àwọn ará abúlé fúnra wọn ti dá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní An Carn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ jẹ́léósinmi, wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di 2015, ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń fi Irish kọ́ni, Gaelcholáiste Dhoire, ṣílẹ̀kùn ní Dungiven. Àwọn kan nínú àwọn tó gbá ní Croke Park jẹ́ ọmọ tí ètò yìí tọ́. Orúkọ Irish ni àwọn ọmọ Ní Chaiside ń jẹ́ nínú ìwé ikọ̀, kì í ṣe Cassidy.

Ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí fún wọn. Ó ń dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo bá rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ ilé tiwa, níbi tí òbí ti ń bínú sí ọmọ pé ó sọ Yorùbá níwájú àlejò.

Ṣé ogun abẹ́lé Àríwá Ireland dé ọ̀dọ̀ wọn?

Kò sí ẹgbẹ́ GAA kankan ní Derry tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 sí 1998, ẹni tó bá gbé camán sínú mọ́tò ti sọ ẹ̀sìn àti ìṣèlú rẹ̀ fún sójà tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà. GAA náà ní òfin tó ka ọlọ́pàá àti sójà Gẹ̀ẹ́sì léèwọ̀ nínú ẹgbẹ́; 2001 ni wọ́n tó pa á rẹ́.

Ní May 1997, ní Bellaghy, tí kò jìnnà sí Maghera, Seán Brown, alága ẹgbẹ́ abúlé náà, ń ti gẹ́ètì pápá lálẹ́ nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń ṣe ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jí i gbé lọ, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹbí rẹ̀ ti ń béèrè pé kí wọ́n ṣe ìwádìí ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ti gẹ́ètì pápá abúlé rí lálẹ́ lẹ́yìn ìdárayá, ní òun nìkan, mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ni ọkùnrin náà ń ṣe.

Wọ́n ti gba ife hurling gbogbo Ireland rí?

Wọn ò tíì gbà á. Títí di 2024, wọ́n ti gba Ulster lẹ́ẹ̀marùn-ún, ní 2016, 2017, 2019, 2021 àti 2024, ìpele tó kángun sí àṣekágbá ló sì máa ń dá wọn dúró. Cuala, Na Piarsaigh ti Limerick, Ballyhale, Ballygunner àti Sarsfields ti Cork ló ti dá wọn padà.

Ẹ jẹ́ ká wo Ballyhale díẹ̀, nítorí abúlé lòun náà. Ballyhale Shamrocks wà ní gúúsù Kilkenny, 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ti gba ife gbogbo Ireland lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, láti 1981 títí dé 2023. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Henry Shefflin àti TJ Reid ti wá, àti ìdílé Fennelly tí ọmọkùnrin méje ti gbá fún un. Àmọ́ inú Kilkenny ni Ballyhale wà, níbi tí ọmọ ti máa ń mú igi lọ sílé ẹ̀kọ́, tí gbogbo abúlé tó yí wọn ká sì lè gbo ewúro sí wọn lójú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Slaughtneil kò ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nílé. Ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí.

Igi camán, kí ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ?

Igi ash. Ìdí igi ni wọ́n máa ń gé, níbi tó ti ń tẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, kí iṣan igi lè bá orí camán tẹ̀, kí ó má baà ṣẹ́. Igi náà ń gba ọdún bíi 25 sí 30 kó tó tó gé. Ní 2012, wọ́n rí àrùn kan tó ń pa igi ash ní Ireland, ó sì ti jẹ ọ̀pọ̀ igbó run. Àwọn agbẹ́gi ti ń lo oparun báyìí, àwọn míì ń lo ike. Àwọn àgbà ní ìró rẹ̀ kò dà bíi ti ash. Àwọn ọmọdé kò bìkítà.

Akoto di dandan fún gbogbo oníhurling láti January 2010. Kó tó dìgbà yẹn, eyín àti ojú tí ó bàjẹ́ kò kéré.

Ẹjọ́ síkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Tẹ́lẹ̀, òfin camogie ní kí obìnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì tó ní níkà nínú. Àwọn eléré ní ó ń dí wọn lọ́wọ́, kò sì tù wọ́n lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ May 2025, ikọ̀ Dublin àti ti Kilkenny jáde pẹ̀lú níkà, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo náà gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan. Láàárín oṣù yẹn kan náà, ìpàdé àkànṣe dìbò, ó wá di pé kálukú lè wọ èyí tó bá wù ú. Ọgọ́fà ọdún ó lé ọ̀kan lẹ́yìn eré Navan!

Ta ló ń sanwó gbogbo èyí?

Àwọn ará abúlé: owó ọmọ ẹgbẹ́, lọ́tìrì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìnáwó, àti àwọn oníṣòwò àdúgbò tó ń kọ orúkọ wọn sára aṣọ. Ẹni tó ń gé koríko pápá kì í gba kọ́bọ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: lójú òfin, ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ camogie àti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin jẹ́ àjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àjọ kọ̀ọ̀kan ní owó àti ìṣàkóso tirẹ̀. Wọ́n ti fi 2027 ṣe àfojúsùn láti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìgbìmọ̀ tí Mary McAleese, ààrẹ Ireland tẹ́lẹ̀, jẹ́ alága rẹ̀ ló ń tò ó. Ní abúlé bíi Slaughtneil, wọ́n ti ń jọ lo pápá kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọmọ wa wà ní Dublin. Ṣé wọ́n á gbà á?

Wọ́n á gbà á. Páríṣì tí ẹ ń gbé ni ẹ máa wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí yín sí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré yìí, ẹgbẹ́ sì máa ń kó àwọn kéékèèké jọ ní òwúrọ̀ Saturday. Akoto ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ má ra camán títí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yóò fi wọn ọmọ náà, torí igi tó bá gùn jù ni kì í jẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá wà ní London, pápá wọn wà ní Ruislip. Ti New York wà ní Bronx.

UNESCO kọ hurling àti camogie sínú ìwé àṣà àjogúnbá ayé ní 2018, ìwé kan náà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà láti 2008. Bí ìyá bàbá bá bínú pé kí ni ọmọ ń fi igi ṣe, ẹ sọ èyí fún un.

Tí mo bá fẹ́ wò wọ́n lójúkojú?

Ẹ lọ ní ìgbà tí ewé ń rẹ̀, nígbà tí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Derry ń lọ lọ́wọ́. Owenbeg, lẹ́bàá Dungiven, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn pápá kaúńtì. Ẹ san owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tètè dé nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ sì mú aṣọ òjò dání.